Ohùn Ìyá Tí Wọ́n Yọ Kúrò Nínú "Yàrá Kẹjọ"

Wọ́n yọ ohùn ìyá kúrò nínú àwo orin tí ọmọ rẹ̀ ṣe nípa ilé tí ìyá náà ti tọ́ ọ dàgbà, wọ́n fi ohùn obìnrin mìíràn dípò, wọn ò sì bi ẹnikẹ́ni nínú wa léèrè.

Èmi ni mo gba ohùn náà sílẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi ṣe iṣẹ́ gbígba ohùn, ní Ọ̀jọ́ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní Òkókómaikò tí a ń gé sí Òkókó, kí n tó fẹ̀yìn tì lọ́dún tó kọjá. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń wá bá mi nílé ní Ẹ́sítéètì Ìbà, wọ́n á ní, "Àǹtí Ẹnjiníà, ṣé iṣẹ́ yìí tó iṣẹ́ téèyàn lè fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe?" Tó bá jẹ́ ọdún méjì sẹ́yìn ni, ǹ bá ti dáhùn kí wọ́n tó béèrè tán. Ní báyìí, mi ò lè jókòó síbì kan dáhùn rẹ̀. Mo ń rìn yí ká pálọ̀ ni mo fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ọmọ mi obìnrin á ní, "Mọ́mì, ẹ jókòó ná," màá jókòó, màá tún dìde. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ lè rí ọ̀nà tí nǹkan gbà bàjẹ́, kí ẹ sì rí èyí tó jẹ́ ẹ̀bi tèmi nínú rẹ̀.

Físíìsì ni mo kà ní yunifásítì. Nígbà tí a parí, àwọn ẹgbẹ́ mi ń gbé ìwé ìwáṣẹ́ kiri báǹkì. Èmi gbọ́ pé ọkùnrin kan wà ní Ọ̀jọ́ tó ní ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sórí táépù fífẹ̀, mo lọ wò ó, mi ò padà mọ́. Ohun tó ń fún mi lóṣù kò tó nǹkan. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀gá Rájí ni wọ́n ń pè é, ọmọ Ìsẹ́yìn, ọkùnrin tínínrín tí fìlà kì í kúrò lórí rẹ̀. Wáàsí ló ń gbà jù, àti orin àwọn kwaya aláṣọ funfun, àti ìpolówó oògùn. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mi ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ kankan. Àpótí onígi kan wà ní igun yàrá náà, orí rẹ̀ ni mo ń jókòó sí. Ní ọjọ́ kìíní, ó pa gbogbo ẹ̀rọ, ó ní kí n sọ ohun tí mo gbọ́.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan, sà."

"Tún gbọ́ ọ."

"Ọkọ̀ ń kọjá lójú títì, sà."

"Mélòó?"

"Sà?"

"O ka Físíìsì, o ò lè ka ọkọ̀?"

Báyìí la ṣe é fún oṣù mẹ́ta. Mo mọ ìró ilẹ̀kùn aládùúgbò, mo mọ ìgbà tí fáànù fẹ́ bàjẹ́, mo mọ bí Ọ̀gá ṣe ń mí nígbà tí inú bá ń bí i, èyí sì wúlò jù lọ. Ó máa ń fi bíírò gbá tábìlì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí mo bá ṣe àṣìṣe. Kì í gbá a lẹ́ẹ̀mejì. Tí o bá retí ẹ̀ẹ̀kejì, o ti pẹ́.

Òfin rẹ̀ kan wà tí mi ò tún bá ní stúdíò mìíràn títí dòní. Kí ẹnikẹ́ni tó kọrin tàbí sọ̀rọ̀ sínú máíkì rẹ̀, onítọ̀hún gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ orúkọ rẹ̀, ọmọ ẹni tó jẹ́, àti ibi tó wà. Yóò wà níwájú táépù, kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Álífà ńlá kan dé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní òun ò ní dárúkọ.

"Rájí, ta ni kò mọ̀ mí ní gbogbo Ọ̀jọ́ yìí?"

"Gbogbo Ọ̀jọ́ mọ̀ yín, Álífà," Ọ̀gá dá a lóhùn, ó ń nu máíkì. "Táépù ni kò mọ̀ yín."

Àwọn ọmọ ẹ̀yìn fẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n wo ojú Álífà, wọ́n gbé e mì. Álífà dárúkọ.

Ọdún kejì ni mo ṣe ohun tí mi ò gbàgbé. Nígbà yẹn, bí a bá fẹ́ yọ nǹkan kúrò nínú ohùn, bíléèdì la fi ń gé táépù, a ó wá fi sẹ́lótéèpù so ẹnu méjèèjì pọ̀. Bàbá arúgbó kan wá sọ̀rọ̀ sórí táépù fún àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun. Bàbá náà ń wúkọ́ lẹ́yìn gbólóhùn méjì méjì. Mo rò pé mo fẹ́ ṣe bàbá lóore. Mo jókòó, mo gé gbogbo ikọ́ náà kúrò, mo so ó dáadáa tó fi jẹ́ pé o ò ní mọ ibi tí mo gé. Inú mi dùn. Mo pe Ọ̀gá kó wá gbọ́.

Ó gbọ́ ọ dé àárín, ó dá a dúró. "Ikọ́ wọn dà?"

"Mo ti yọ ọ́, sà. Ó ti mọ́ báyìí."

"Ta ló ni ikọ́?"

"Bàbá ni, sà."

"Wọ́n ní kó o bá wọn dà á nù?"

Ó gbé garawa ìdọ̀tí, ó da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ níwájú mi: pépà, èèpo ẹ̀pà, àti àwọn ègé táépù láti ọ̀sẹ̀ náà, tí èyí tó gùn jù nínú wọn kò ju ìka ọwọ́ lọ. Mo ní láti máa fi ọwọ́ fa ègé kọ̀ọ̀kan kọjá lójú ẹ̀rọ, síwá sẹ́yìn, kí n lè gbọ́ èyí tó jẹ́ ikọ́ bàbá, kí n sì mọ ikọ́ tó wà lẹ́yìn gbólóhùn wo. Láti àárọ̀ ni, ó di ìrọ̀lẹ́ kí n tó so ó padà tán. Mo sunkún díẹ̀. Kò wojú mi. Nígbà tí mo parí, ó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ní, "Àwọn ọmọ yẹn á mọ̀ pé ara bàbá wọn ò yá. Ìwọ lo fẹ́ fi í pa mọ́ fún wọn." Ó dé fìlà rẹ̀ dáadáa, ó lọ kírun.

Táépù fífẹ̀ kásẹ̀ nílẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì gbòde, síídì dé. Ọ̀gá Rájí dàgbà, ó kó àwọn ẹ̀rọ tó lè gbé, ó padà sí Ìsẹ́yìn, ibẹ̀ ló sì kú sí. Èmi gba yàrá méjì lókè ibi tí wọ́n ti ń ta ilẹ̀kùn àti férémù ní Òkókó, mo kan fóòmù mọ́ ògiri, mo ra kọ̀ǹpútà.

Kọ̀ǹpútà yẹn ló yí wa padà ju ohunkóhun lọ. Ohùn di àwòrán. O máa rí i lójú ìboju, ó ga níbi tí èèyàn ti pariwo, ó rẹlẹ̀ níbi tó ti mí. Àwa tí wọ́n kọ́ láti fetí gbọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fojú wò ó. Ohun tí o bá gé lè padà wá bí o bá tẹ bọ́tìnnì kan, nítorí náà ọwọ́ wa fúyẹ́ sí gígé. Àwọn oníbàárà náà yí padà. Àwọn olórin ráàpù ló kún ibẹ̀, àwọn ọmọ Ìbà, Ọ̀tọ̀-Àwórì, Alábà, tí wọ́n ń sáré. Mi ò fi òfin Ọ̀gá sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn dúró níwájú máíkì, ó gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó ń búra ní kọ́ọ̀tù: "Èmi ọmọ Màámi, mo wà ní Òkókó, mi ò jí nǹkan kan. Àǹtí, àbí ẹ tún fẹ́ ká tẹ̀ka?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Bọ́jì dé bá mi ní ọdún mẹ́rin kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀dọ́kùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, tó sì ń fi ìka gbá orókún ara rẹ̀ nígbà gbogbo. Ọ̀kan lára àwọn ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Ìyànà-Ìbà ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń tẹ iṣẹ́ àṣeparí wọn. Kò lọ sí yunifásítì, ṣùgbọ́n ó ti ka iṣẹ́ àṣeparí bí igba: òfin, ìtàn, ìmọ̀ ẹja. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń kà á. Ó fi í kọ orin:

*Mo tẹ ìwé oníwèé lálẹ́, mo tẹ̀ ẹ́ dé ojúmọmọ,*
*Wọ́n di pépà lọ sílé wọn, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kù sí mi lórí.*

Mo ti gbọ́ ráàpù púpọ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní àti ọ̀tá tí ẹnikẹ́ni ò rí. Ti Bọ́jì yàtọ̀. Ó fẹ́ ṣe odindi àwo kan nípa ilé oníyàrá mẹ́wàá tí wọ́n bí i sí ní Òkókó, níbi tí ilẹ̀kùn ti dojú kọ ilẹ̀kùn. Yàrá kẹjọ ni tiwọn, orúkọ yẹn ló sì fẹ́ fún àwo náà. Ó kọ orin kan fún kànga tí gbogbo ilé ń pọn, ọ̀kan fún baálé yàrá kejì tó ń fi rédíò jí gbogbo ilé, ọ̀kan fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ègùn tó kọ́ ọ ní èébú kó tó kọ́ ọ ní ìkíni. Orin mẹ́sàn-án ni. Ọdún méjì àtààbọ̀ la fi ṣe é, nítorí pé ọjọ́ Sátidé nìkan ló ráyè.

Orin kẹsàn-án ni ìparí, ìyá rẹ̀ ló sì fẹ́ kó sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ìyá kọ̀ láti wá sí stúdíò. Sùtánà ló ń rán fún àwọn ìjọ aláṣọ funfun, ìkórè ti súnmọ́lé, aṣọ ti ga dé fèrèsé. Bọ́jì bá gbé kọ̀ǹpútà, èmi gbé máíkì, a lọ bá a ní yàrá kẹjọ náà, torí kò tíì kúrò níbẹ̀.

"Ẹnjiníà, ẹ káàbọ̀," ó ní, kò dìde nídìí máṣíìnì. Ó wo máíkì. "Ohun tí ẹ fẹ́ gbé sí mi lẹ́nu rèé? Ó jọ ọmọ odó."

"Ẹ máa dárúkọ yín ná, Màmá."

"Ṣé ẹ ò mọ orúkọ mi ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fa ọ̀rọ̀ náà bí àwọn ará Ọ̀tọ̀ ṣe ń fà á. "Ó dáa. Èmi Àìná, ọmọ Fáṣínà, ará Ọ̀tọ̀. Mo wà nínú yàrá mi. Ọmọ mi ló ń yọ mí lẹ́nu."

Mo bẹ̀ ẹ́ kó dẹ́kun máṣíìnì, nítorí ariwo. Ó dẹ́kun, ọ̀rọ̀ sì tán lẹ́nu rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ń wo wá, àwa náà ń wò ó. Ó ní, "Ẹnjiníà, ẹ má bínú. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú nǹkan yìí. Bí ẹsẹ̀ mi ò bá lọ, ẹnu mi ò ní lọ." Mo ní kó máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Mo gbé máíkì sí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ dípò iwájú, kí máṣíìnì lè wà lẹ́yìn ohùn rẹ̀ láì bò ó. Ẹ̀yin tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, ibi tí a ń gbé máíkì sí ni iṣẹ́ wà. Bọ́tìnnì ò lè ṣe é fún yín lẹ́yìn náà.

Ó sọ nípa ọjọ́ kan tí Bọ́jì wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. "Òjò yẹn ò dá. Omi wọlé, ó dé orókún mi. Mo gbé e gun orí máṣíìnì yìí, èmi ń gbọ́n omi síta, omi ń padà wọlé. Ó ń bi mí pé, 'Màámi, ṣé a máa lọ ni?' Mo ní, 'Lọ síbo? Ṣebí ilé la wà yìí.'"

Ó wá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kúkúrú kan, láti imú, ẹ̀rín ẹni tí omi ti rẹ gbogbo ohun tó ní tán, tí kò sí èyí tó kù láti rẹ. Máṣíìnì sáré díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì rọra ṣe jẹ́ẹ́.

Bọ́jì yíjú sí ògiri. Ìka rẹ̀ ń gbá orókún, ó ń ka ìlọ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Ìlọ ẹsẹ̀ yẹn ló fi kọ́ bíìtì orin náà, kò fi ìlù kankan sí i. Mo sọ fún Ìyá Bọ́jì nígbà tí a ń jáde pé, "Màmá, ẹ̀rín yín yìí á dé ibi tí ẹ ò dé."

"Kó bá mi kí wọn níbẹ̀," ó ní.

Ilé-iṣẹ́ kan tó ń gbé àwo jáde, ní òdìkejì afárá lọ́dọ̀ àwọn olówó, gba iṣẹ́ náà. Mi ò ní dárúkọ wọn níbí. Wọ́n mọ ara wọn. Inú wa dùn. Wọ́n fi ímeèlì ránṣẹ́ pé kí n kó gbogbo ohùn náà wá sórí háàdì kan, àpótí kékeré tí a ń tọ́jú fáìlì sí, kí ohùn kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ gan-an níbi tí orin ti bẹ̀rẹ̀, kí nǹkan kan má ṣe wà níwájú rẹ̀.

Ibí yìí ni ẹ̀bi tèmi wà, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi bò ó. Mo gé àwọn orúkọ náà kúrò. "Èmi Àìná, ọmọ Fáṣínà," mo fi ìlà yí i ká lójú ìboju, mo tẹ bọ́tìnnì, ó lọ. Kò gbà mí tó ìṣẹ́jú àáyá méjì. Mo wá ní láti fún fáìlì náà lórúkọ, mo sì ń kánjú. Mo kọ ọ́ báyìí: "Obìnrin, orin 9." Mo mọ orúkọ ìyá náà. Mo mọ orúkọ bàbá rẹ̀. Mo kọ "Obìnrin". Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ kọ orúkọ èèyàn sára ohùn rẹ̀, ẹni yòówù kó ní kí ẹ má kọ ọ́.

Ẹ̀bi mi kejì: ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí mo fi háàdì náà ránṣẹ́, iná dé lójijì lọ́sàn-án kan, ó sì ga ju bó ṣe yẹ lọ. Mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí èèyàn fọ́ ẹyin. Kọ̀ǹpútà jó, háàdì tí mo fi ń tọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́ náà sì ṣì wà lára rẹ̀, òun náà jó. Mo ti ń sọ fún ara mi láti ọjọ́ mẹ́wàá pé kí n yọ ọ́. Mo gbé e lọ bá ẹni mẹ́ta ní Alábà. Wọ́n tú u, wọ́n mi orí. Etí òsì mi ti ń dín kù nígbà yẹn, mo ti ń gbèrò àtifẹ̀yìn tì. Mo ní ó parí náà nìyẹn. Bọ́jì ò ní ẹ̀dà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀ pé ẹ̀dà kan wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́.

Àìsàn dé bá Ìyá Bọ́jì nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí àwo jáde. Ó jí láàárọ̀, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sápá kan, ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ò gbé. Dókítà ní ó ń gbọ́ ohun gbogbo, ó sì ń yé e. Ahọ́n ni kò lè gbé ọ̀rọ̀ jáde. Ó lè padà, ó lè má padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó máa bá mi lọ. Láti ọjọ́ náà, ibì kan ṣoṣo ni ohùn obìnrin yẹn ṣẹ́kù sí láyé.

Nígbà tí àwo jáde, ọ̀sán Sọ́ńdè la kó jọ ní yàrá kẹjọ láti gbọ́ ọ. Bọ́jì gbé sípíkà kékeré kan ka orí máṣíìnì ìránṣọ. Wọ́n fi ìrọ̀rí ti Ìyá lẹ́yìn lórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn ayálégbé kún ẹnu ọ̀nà. Baálé yàrá kejì wà níbẹ̀, ó ń fẹ́ gbọ́ orin tirẹ̀, nígbà tó sì gbọ́ ọ ó ní, "Ọmọ yìí bú mi dáadáa o," gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bọ́jì fúnra rẹ̀ kò tíì gbọ́ bí wọ́n ṣe parí iṣẹ́. Wọ́n ní kó lọ ya fídíò, kó fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀.

Orin kẹsàn-án bẹ̀rẹ̀. Gìtá ni mo gbọ́. Mi ò gbọ́ máṣíìnì. Lẹ́yìn náà, obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, Yorùbá tó já gaara bíi ti àwọn tó ń ka ìròyìn. Nígbà tó dé ibi tí Ìyá ti rẹ́rìn-ín, ohùn rẹ̀ gbọ̀n, ó bú sẹ́kún: "Ilé la wà o, ọmọ mi, ilé la wà!"

"Háà, Màmá ti di òṣèré!" ni ẹnì kan wí lẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín.

"Ta nìyí?" Bọ́jì ní.

Ìyá wo ẹnu ọ̀nà, bíi pé àlejò kan ló wọlé. Ó wo sípíkà. Ó wo ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ òsì rẹ̀, ó gbé e lé sípíkà náà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, obìnrin náà sì ń sunkún lọ lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Màámi, èmi kọ́. Màámi, mi ò mọ̀. Ẹ gbọ́, mi ò mọ̀." Ó ti kúnlẹ̀. Ìyá kò wò ó mọ́. Èmi ló ń wò.

Bọ́jì tẹ̀lé mi jáde. Ó ti tọwọ́ bọ ìwé fún wọn pé tiwọn ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lórí bí àwo náà yóò ṣe dún. Ó wà ní ojú ìwé kẹrin. "Àǹtí," ó ní, "mo ka ìwé gbogbo èèyàn ní Ìyànà-Ìbà. Mi ò ka tèmi."

Mo lọ sí ọ́fíìsì wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ìgbà kìíní, mi ò kọjá géètì. Ní ìgbà kejì, wọ́n mú mi lọ bá ọ̀dọ́kùnrin kan tó ní ìwà pẹ̀lẹ́, tí nǹkan ìgbọ́rin wà ní etí rẹ̀ kan.

"Màmá, ẹ jókòó. Ohùn yẹn ò klíà ni. Nǹkan kan ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀."

"Máṣíìnì ìránṣọ ni."

"Ẹ ẹ̀ rí i? Nọ́ìsì ni."

"Lórí rẹ̀ ni wọ́n kọ́ bíìtì."

"A ti pààrọ̀ bíìtì yẹn náà, mà." Ó rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni tó mú ìròyìn ayọ̀ wá. "Obìnrin yẹn tún rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kó ba èèyàn nínú jẹ́."

"Ìyá Bọ́jì ni obìnrin yẹn. Òun gan-an ló wà nínú omi."

Ó yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi kí n lè rí i. "A ò mọ̀, mà. 'Obìnrin' ni wọ́n kọ sí i."

Mo kàn béèrè pé níbo ni fáìlì náà wà. Ó ní èyí tí òun ń fi hàn mí jẹ́ orúkọ rẹ̀ nìkan, ohùn inú rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀, òun máa bi wọ́n. Mo ní àwọn wo. Ó ní àwọn tó wà lókè. Nígbà tí mo padà lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ní ó ti kúrò ní ẹ̀ka yẹn. Mo fi lẹ́tà sílẹ̀, wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lù ú, oṣù mẹ́rin rèé.

Àwo náà ń ta. Wọ́n ń gbé orin kẹsàn-án sáfẹ́fẹ́, atọ́kùn ètò kan sì ní ẹkún ìyá yẹn ló wọ òun lákínyẹmí ara. Àwọn èèyàn ń yà sí yàrá kẹjọ láti wá kí i: "Màmá, ẹ mà pa wá lẹ́kún o." Ó ń wò wọ́n. Kò lè sọ fún wọn pé òun ò sunkún. Ó yí orí sí ògiri títí wọ́n á fi lọ. Obìnrin tó sunkún nínú àwo náà kò ṣẹ̀ mí; wọ́n gbé iṣẹ́ fún un, ó ṣe é. Àwọn tó gbé e fún un ni mo ń bá wí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ilé-iṣẹ́ tó wà ní òdìkejì afárá, mo ti jẹ́wọ́ tèmi, ó ku tiyín. Ta ló jókòó, tó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ obìnrin yẹn tó fi ẹ̀rín parí ọ̀rọ̀ omi yẹn, tó wá pàṣẹ pé kí ẹkún rọ́pò rẹ̀? Mo fẹ́ gbọ́ orúkọ onítọ̀hún, mi ò fẹ́ gbọ́ "àwọn tó wà lókè". Èwo nínú yín ló rò pé ìnira ilé oníyàrá mẹ́wàá kò lè jẹ́ òtítọ́ bí kò bá ní omijé? Kí ló dé tí ẹ kò fi pe Bọ́jì lórí fóònù, nígbà tí ẹ pè é lẹ́ẹ̀marùn-ún nítorí àwọ̀ bàtà tó máa wọ̀ nínú fídíò? Níbo ni háàdì tí mo fi ránṣẹ́ wà lónìí, lọ́wọ́ ta ni, ìgbà wo lẹ sì máa dá a padà?

Bó bá wà, ẹ gbé e wá. Bí ẹ bá sì ti pa á rẹ́, ẹ má fi lẹ́tà sọ ọ́ fún èmi tàbí Bọ́jì. Ẹ wá sí Òkókó, ẹ wọ yàrá kẹjọ, ẹ dúró níwájú bẹ́ẹ̀dì náà, kí ẹ sọ ọ́ fún un fúnra yín. Ó ń gbọ́.